Kẹ̀kẹ́ Tí Kò Ní Aago

Ẹ̀yin tí ẹ wá bá mi yin àgbàdo, ẹ má dá ọwọ́ dúró. Ọwọ́ yín ni mo ní kó máa ṣiṣẹ́, etí yín ni mo fẹ́ yá. Àgbàdo tó wà nílẹ̀ yìí pọ̀, ìtàn mi náà kò kéré, nítorí náà kí a jọ máa fà á díẹ̀díẹ̀ títí oòrùn yóò fi rọ̀.

Ìyá Fadérera tó jókòó ti agbọ̀n yẹn ni ó fa ọ̀rọ̀. Ó ní, "Bàbá Jọláadé, gbogbo àdúgbò ni ó ń bi ara wọn. Kẹ̀kẹ́ ológeere yín kò ní aago. Bí ẹ bá sì rí ènìyàn lọ́nà, ẹ ó sọ̀kalẹ̀ kí ẹ tó kí i. Lánàá, ẹ sọ̀kalẹ̀ kí ọmọ ọwọ́ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ọmọ náà ń sùn o." Gbogbo yín rẹ́rìn-ín, èmi náà sì bá yín rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi ọdẹ ní ìbéèrè lójú ènìyàn tí kò dáhùn, wọn á ní ọ̀kẹ́rẹ́ ló ń pa láti ọjọ́ yìí.

Èmi Ọdẹ́rìndé kì í ṣe ọlọ́kẹ́rẹ́. Ẹfọ̀n mẹ́sàn-án ni ìbọn mi mú sùn. Erin kan rí mi lójú ọ̀nà tóóró nígbà kan, ó yà sí ẹ̀gbẹ́, ó ní kí n máa kọjá. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, kó lọ bi erin náà. Àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì sì kọ́ mi ní ìwé, tó bẹ́ẹ̀ tí ó jẹ́ pé bí mo bá pa ẹran tán, mo lè kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn tòní kò ní ìbọn nínú. Kẹ̀kẹ́ ni ó ní, àti obìnrin kan tó jókòó sẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn àgbà inú yín rántí Dúróoríkẹ́, ìyàwó mi. Obìnrin tí kì í pariwo, tí ó máa ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo ẹnu bí ó bá ń rẹ́rìn-ín. Ní ọdún kan, nígbà tí a ń gbin àgbàdo, àìsàn mú un. Kò pariwo àìsàn náà pẹ̀lú. Ó kàn ń rù ni, bí ọṣẹ tí a fi sílẹ̀ sínú omi. Mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, nọ́ọ̀sì kan pè mí sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ máa gbé màmá lọ sílé. Ọ̀sẹ̀ méjì ni, bí ó bá pẹ́. Ohunkóhun tí ọkàn wọn bá fẹ́, ẹ ṣe é fún wọn."

Nígbà tí a délé, mo bi í pé kí ni ọkàn rẹ̀ ń fẹ́. Mo rò pé yóò ní kí n pa ìgalà wá.

Ó ní, "Bàbá Jọláadé, ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni ẹ ti ń ti igbó bọ̀, tí ẹ ń ròyìn iwin olórí méje fún mi. Mo máa ń wí pé 'háà', àmọ́ ọbẹ̀ orí iná ni mo ń rò. Ní báyìí tí mi ò lè se ọbẹ̀ mọ́, mo fẹ́ lọ wò wọ́n. Ẹ gbé mi sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ yín, kí a ṣeré lọ."

Mo ní ó dára. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn ni mo ní lọ́kàn. Àwa ọdẹ máa ń sọ láàárín ara wa pé ní òpin Igbó Pẹ̀lẹ́, omi kan ń sun níbẹ̀ tí à ń pè ní Ìsun Ìtura. Wọ́n ní aláìsàn tó bá mu ún, àìsàn rẹ̀ á bọ́ sílẹ̀ bí awọ ejò. Mo wí lọ́kàn ara mi pé: Dúróoríkẹ́ ń lọ ṣeré, èmi ń lọ síbi omi, n ó sì sáré débẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Mo fi ilé lé Jọláadé ọmọbìnrin wa lọ́wọ́. Ìyá rẹ̀ di ẹ̀pà yíyan sí ìṣẹ́tí aṣọ, ó fi ẹ̀gbẹ́ jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó di ìbàdí mi mú, a sì gbéra. Mi ò ní máa ka igi ọ̀nà fún yín. Ọjọ́ mẹ́ta ni a fi dé ẹnu igbó náà.

Ní ẹnu igbó, arúgbó kan jókòó sí ẹ̀bá ọ̀nà, ó ń hun agbọ̀n. Irùngbọ̀n rẹ̀ gùn dé ilẹ̀, ó wọ inú ilẹ̀, ó ta gbòǹgbò, ó sì tún hu ewé jáde lápá ibòmíràn. Adìẹ kan yé ẹyin sínú ewé náà.

Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ti kọ́ wa. Ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ tó bá rí àgbà, á sọ̀kalẹ̀, á fi kẹ̀kẹ́ ti igi, á dọ̀bálẹ̀, á bèèrè àlàáfíà ilé, kí ó tó tún gùn ún. Ṣùgbọ́n omi ni ojú mi ń rí. Mo lu aago, gbin-gbin, gbin-gbin, mo kọjá.

Dúróoríkẹ́ fi ìka kàn mí lẹ́yìn. "Bàbá Jọláadé, àgbà mà ni ẹni yẹn."

"Mo ti kí i."

"Aago ni ẹ lù."

"Bí a bá ń padà bọ̀, n ó sọ̀kalẹ̀."

A gun òkè kan, a sọ̀kalẹ̀ lórí òkè náà, a yà sọ́tùn-ún, arúgbó yìí kan náà ni a tún bá. Ẹyin adìẹ ti di mẹ́fà. Mo lu aago, mo kọjá. A yà sósì, a la omi kan kọjá, òun náà nìyẹn. Adìẹ ti sàba. Mo lu aago, mo kọjá. Ẹ̀ẹ̀kẹrin tí a ó bá a, àwọn ọmọ adìẹ ti ń jẹ̀ kiri lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Orí kunkun mi kò jẹ́ kí n rí i pé ọ̀nà ń bá mi wí. Mo tún lu aago.

Ìyàwó mi ní, "Ẹ dúró. Bí ẹ̀yin tí ara yín le kò bá lè sọ̀kalẹ̀, èmi aláìsàn á sọ̀kalẹ̀ lọ kúnlẹ̀ fún wọn." Ó sì ti ń na ẹsẹ̀ sílẹ̀.

Ojú tì mí. Mo yí kẹ̀kẹ́ padà, mo sọ̀kalẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú erùpẹ̀.

Arúgbó náà kò gbójú sókè nínú agbọ̀n rẹ̀. Ó ní, "Ta ló wà nílẹ̀ yẹn?"

"Èmi ni, bàbá."

"Ìwọ tí o fi irin kí mi lẹ́ẹ̀mẹrin."

"Ẹ má bínú, bàbá. Ìyàwó mi ni ara rẹ̀ kò yá. Mo ń kánjú lọ sí Ìsun Ìtura."

"Aago ni à ń fi lé ewúrẹ́ lójú ọ̀nà. Ẹnu ni Ọlọ́run fún wa láti fi kí ènìyàn." Ó wá wo Dúróoríkẹ́ tó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Ìwọ ńkọ́, ọmọ mi, o ń kánjú?"

"Rárá, bàbá. Ẹ kú iṣẹ́ agbọ̀n. Ẹ kú ewu ọmọ adìẹ. Eré ni èmi ń ṣe lọ."

Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí ewé fi já bọ́ láti irùngbọ̀n rẹ̀. Ó ní, "Ẹ gbọ́ òfin ọ̀nà yìí. Ẹni yòówù tí ẹ bá pàdé, ẹ sọ̀kalẹ̀, kí ẹ kí i ní ìkíni tó tọ́ sí i. Ìkíni kọ̀ọ̀kan tó bá tọ́, ọjọ́ kan ni yóò fi kún ọjọ́ obìnrin yìí. Ẹni tí ẹ bá fi aago kọjá lára rẹ̀, ọjọ́ kan ti lọ nìyẹn."

Mo ní, "Bàbá, ṣé mẹ́rin ti lọ?"

"Mẹ́rin ti lọ. Kì í ṣe ọwọ́ mi ló wà, ǹ bá dá a padà fún ọ." Ó na ọwọ́, ó já aago kúrò lára kẹ̀kẹ́ mi bí ẹni já tòmátò, ó fi kọ́ inú irùngbọ̀n rẹ̀. "Máa lọ, má sì máa ka ọjọ́. Ẹni tó ń ka ọjọ́ kì í rí ọjọ́."

Ẹ̀yin rò pé ìkíni rọrùn? Ó rọrùn níbí, nítorí pé ohun tí olúkúlùkù ń ṣe hàn gbangba. A rí àwọn ọ̀bọ méjì tí wọ́n ń dirun fún igi ọ̀pẹ, a ní, "Ẹ kú ewà." Wọ́n ní, "Òòyà á yà." Ìyẹn kò le. A rí iwin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń lọ síbi ìsọmọlórúkọ, a kí i kú ìnáwó. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé etí odò ńlá kan, a bá iwin kan tó ga bí ìrókò, ó tẹ́ òjìji ara rẹ̀ sórí àpáta, ó ń fọ̀ ọ́.

Ó ní, "Ọdẹ, kí mi. Bí o bá kí mi tì, n ó fọ òjìji tìrẹ náà, kò sì ní padà lẹ̀ mọ́ ọ lára mọ́."

Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́." Ó ní iṣẹ́ kọ́. Mo ní, "Ẹ kú aṣọ fífọ̀." Ó ní aṣọ kọ́. Mo ní, "Ẹ kú odò." Ó ti di etí òjìji mi mú, ó sì ń dùn mí bí ìgbà tí olùkọ́ wa ń fa etí mi nílé ìwé. Èmi tí mo lè dá ẹfọ̀n dúró, ìkíni kan kò sí lẹ́nu mi mọ́.

Dúróoríkẹ́ bi í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Bàbá, ta ni ẹ ń fọ̀ ọ́ fún?"

Iwin náà ní, "Kò sí ẹnìkan. Ìyàwó mi ti lọ láti ìgbà tí odò yìí ti jẹ́ ìrì orí koríko. Òjìji yìí nìkan ló ń bá mi jẹun. Bí ó bá dọ̀tí, ta ni n ó máa wò?"

Ìyàwó mi kúnlẹ̀ sí etí omi, ó ní, "Ẹ kú àdáwà, bàbá."

Iwin ńlá náà jọ̀wọ́ òjìji mi. Lẹ́yìn náà ni ó ní, "Láti ọjọ́ tí mo ti wà níhìn-ín, ẹ kú iṣẹ́ ni gbogbo ayé ń kí mi." Ó gbé àwa àti kẹ̀kẹ́ sórí àtẹ́lẹwọ́ kan, ó gbé wa sọdá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́. Títí di ìgbà yẹn, mò ń sọ̀kalẹ̀ kí ènìyàn ni o, ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń mu àgbo kíkorò ni mò ń ṣe é. N ó kí i, n ó tún fò gun kẹ̀kẹ́. Ọkàn mi ti dé ibi omi, ara mi nìkan ló ń bá ìyàwó mi rìn. Ìlú Wàràwàrà ni ó là mí lójú.

Ní ìlú yìí, gbogbo ènìyàn ló ń sáré. Iṣu tútù ni wọ́n ń jẹ. Wọ́n ní inú ni yóò ti jinná. Wọ́n ń gbé ìyàwó kan lọ sílé ọkọ, ẹ kú ewu ọmọ ni wọ́n ń kí i. Àwọn ọmọdé wọn ti ń tẹ ọ̀pá, kí ọjọ́ ogbó má ba à bá wọn lójijì. Baálẹ̀ wọn, tí ń jẹ́ Tètèdé, ti ń fèsì ọ̀rọ̀ mi kí n tó lanu.

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀nà Ìsun Ìtura nìyẹn. Rárá, kò jìnnà. Ọgọ́rùn-ún ọkùnrin ni yóò ti kẹ̀kẹ́ yín. Kí ilẹ̀ òní tó ṣú, ẹ ti débẹ̀. Kò tọ́pẹ́."

Mo fẹ́ sọ pé ó yá. Àfi bí àwọn obìnrin ìlú náà ṣe dé, tí wọ́n ká ọwọ́ lérí, tí wọ́n tò yí mi ká. "Ọdẹ, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ọlọ́run á tu yín nínú."

Dúróoríkẹ́ ń bó ẹ̀pà lẹ́yìn mi. Ó ní, "Ta ló kú?"

Wọ́n ní, "Ìwọ ni."

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n jẹ ẹ̀pà yìí tán ná." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo ẹnu.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mi ò lè rẹ́rìn-ín. Mo wo àwọn obìnrin wọ̀nyẹn, mo sì rí ara mi. Láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn nọ́ọ̀sì ni èmi náà ti ká ọwọ́ lérí. Ìyàwó mi wà láàyè lẹ́yìn mi, èmi sì ti ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ lọ níwájú.

Mo ní, "Baálẹ̀, a dúpẹ́. Ẹ má tì wá."

"Ọ̀nà tó jìn ni ẹ ó gbà nìyẹn."

"Òun gan-an ni a ń wá."

Ìyàwó mi sì kí wọn pé, "Ẹ kú eré sísá o." Ṣùgbọ́n wọ́n ti gbàgbé wa.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ ohun tí wọ́n ń pè ní gígun kẹ̀kẹ́. Ẹ wò ó, mo ti gun ún fún ọdún mẹ́rìnlá kí ó tó di ìgbà náà, mi ò mọ̀ ọ́n. Tí òkè bá ga, a ó sọ̀kalẹ̀, n ó máa tì í, òun á di ìjókòó rẹ̀ mú, á máa rìn bí ara rẹ̀ ti mọ. Tí a bá dé góńgó òkè, a ó jókòó wo ibi tí a ti ń bọ̀. Tí ọ̀nà bá wá dà gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀, n ó gbé ẹsẹ̀ kúrò, kẹ̀kẹ́ á máa lọ fúnra rẹ̀, atẹ́gùn á wọ inú bùbá Dúróoríkẹ́, òun náà á sì na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ọmọdé. Á máa ti ẹ̀yìn na ẹ̀pà sí mi lẹ́nu. Nígbà mìíràn, á mọ̀ọ́mọ̀ na èèpo rẹ̀ sí mi, n ó tutọ́, á ní, "Ẹ kú àjẹìmọ̀." Ẹ̀pà náà kò sì tán ní ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀. Ìyẹn ni mo kà sí ìyanu jù nínú igbó náà, mi ò bèèrè ìdí rẹ̀.

Ó rí iwin olórí méje. Ó kí orí kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ó sì wí sí mi létí pé, "Ẹ ò sọ fún mi pé ọ̀kan nínú wọn rẹwà." Òjò rọ̀ lù wá, òjò dá. A jẹ àgbàdo ọdún náà ní ìlú àwọn ẹyẹ. Nígbà tí a dé Ìsun Ìtura, ọyẹ́ ti ń fẹ́.

Ìyá arúgbó kékeré kan ló ń pọn omi níbẹ̀. A kí i, ó bu omi fún wa nínú igbá. Dúróoríkẹ́ mu. Mo ń wo ojú rẹ̀, mo ń wo ọwọ́ rẹ̀ tó ti rù.

Mo ní, "Ìyá, àìsàn náà ńkọ́?"

Ó ní, "Àìsàn wo? Omi ni. Òùngbẹ ló ń pa."

"Àwọn ọdẹ sọ pé..."

"Àwọn ọdẹ," ni ìyá náà wí, ó sì gbé ìkòkò rẹ̀ rù. "Ẹ̀yin náà kúkú mọ ara yín."

Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún. Ìyàwó mi bá mi jókòó. Ó ní, "Omi náà dùn. Ó jọ ti kànga ilé wa. Kí ni ẹ ń sunkún sí? Ọ̀sẹ̀ méjì ni nọ́ọ̀sì wí."

"O gbọ́?"

"Ilẹ̀kùn pákó ni, Bàbá Jọláadé." Ó nu ojú mi. "Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ẹ jẹ́ kí a máa lọ bá ọmọ wa. Ṣùgbọ́n ẹ máa rọra gùn ún."

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ bi mí. Ẹ fẹ́ ní, ṣé ẹ kò lè tún kí gbogbo wọn bí ẹ ti ń padà, kí ọjọ́ sì máa pọ̀ sí i? Èmi náà rò ó. Ṣùgbọ́n àwọn tí a ti kí ti di ojúlùmọ̀, ìkíni ojúlùmọ̀ kì í gba èrè. Àwọn ló tún ń kí wa ṣáájú. Gbogbo wọn ti tò sí ẹ̀bá ọ̀nà kí a tó dé, iwin àti ẹranko, wọ́n ń wí pé, "Dúróoríkẹ́, o kú ọ̀nà." Iwin etí odò gbé wa sọdá, kò sì fẹ́ sọ̀ wá kalẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, tí ẹnu igbó kò jìnnà mọ́, ó ti ẹ̀yìn na ẹ̀pà kan sí mi lẹ́nu. Ó ní, "Bàbá Jọláadé, ẹ kú ẹsẹ̀."

Mo ní, "O kú ìjókòó."

Ó gbé orí lé mi lẹ́yìn. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà ní ìbàdí mi, ṣùgbọ́n kò dì mí mú mọ́. Mi ò dúró lójú ẹsẹ̀. Mo rọra gùn ún dé abẹ́ igi kan tó ní ìbòòji, nítorí ó ní kí n máa rọra.

Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi. Iwin etí odò ni, tí kò kúrò létí omi rẹ̀ rí. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi, tòun ti gíga rẹ̀. Kò kí mi kú ará fẹ́ra kù. Ó ní, "Ọdẹ, o kú àdáwà." Ìkíni ìyàwó mi ni ó fi kí mi.

Ó gbé e lọ́wọ́ méjèèjì dé ẹnu igbó. Arúgbó onírùngbọ̀n já ewé fún mi láti fi wé e kí ara má bàjẹ́, ó sì na aago mi sí mi. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kó wà lọ́wọ́ yín, bàbá." Mi ò gun kẹ̀kẹ́ ní ọ̀nà tó kù. Mo gbé ìyàwó mi lé ibi tó máa ń jókòó sí, mo fi ọ̀já dì í, mo sì tì í lọ sílé. Ọjọ́ mẹ́ta.

Ẹ bá mi ro ó. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi aago lé lọ. Ká ní wọ́n wà, ìbá délé láàyè ní ọjọ́ kẹta, ọjọ́ kan ìbá sì kù tí ìbá fi bá Jọláadé jẹun. Èyí ni mo jẹ́wọ́ fún ọmọ mi lẹ́bàá sàréè, nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Kò bú mi. Ó kàn bi mí pé, "Màmá mi ńkọ́, ṣé wọ́n rẹ́rìn-ín lọ́nà?"

Mo ní, "Wọ́n rẹ́rìn-ín."

Ó ní, "Ó tó, bàbá mi."

Ìdí rẹ̀ nìyẹn, Ìyá Fadérera. Mi ò mọ ọjọ́ tó kù fún ẹnikẹ́ni, títí kan ọmọ tó ń sùn lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà tó kó ni lẹ́rù lọ ni. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún wa; láti ìgbà gbígbin àgbàdo títí di ìgbà ọyẹ́ ni Ọlọ́run fi gbé e lé mi lẹ́yìn. Mo ń sunkún ọjọ́ mẹ́rin, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọpẹ́ ìyókù kò tíì tán lẹ́nu mi.

Ó dà bíi pé àgbàdo ti tán nílẹ̀. Mo rí i pé ó ti pẹ́ tí ọwọ́ àwọn kan ti dúró, mi ò sì fẹ́ bá wọn wí. Ẹ jẹ́ kí n dìde kí n tó sọ èyí, nítorí mi ò fẹ́ kí yín ní ìjókòó. Ẹ kú ọwọ́. Ẹ kú etí. Ẹ kú àìkánjú.